Àwọn Tó Ń Bá Ilé Ìkàwé Ná Ọjà Jọ́nà

Lọ́dún 2009, Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 2.16 dọ́là fún Elsevier, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tó fi Amsterdam ṣe ibùjókòó, kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa ka àdìpọ̀ jọ́nà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún yẹn kan náà, Yunifásítì Wisconsin, tí iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Michigan, san mílíọ̀nù 1.22. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ní ọjà Gbági rí kò ní bèèrè ohun tó fà á. Ọlọ́jà wo ojú oníbàárà ló fi dá iye lé e.

Ṣùgbọ́n ní Gbági, èèyàn lè yà sí ìsọ̀ kejì, ó sì lè bi ẹni tó ti ra tirẹ̀ pé èló ni. Ọjà jọ́nà kò ní ìsọ̀ kejì. Àpilẹ̀kọ tó bá wà nínú jọ́nà Elsevier, ọ̀dọ̀ Elsevier la ti ń rà á. Àdéhùn a sì tún máa di oníbàárà lẹ́nu, pé kò gbọdọ̀ sọ iye tó san fún ẹnikẹ́ni. Theodore Bergstrom àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi òfin òmìnira ìròyìn gba ẹ̀dà àdéhùn lọ́wọ́ àwọn yunifásítì ìjọba, tí wọ́n sì gbé iye náà síta lọ́dún 2014. Elsevier pẹjọ́ kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington má baà fi tirẹ̀ hàn. Adájọ́ kò gbà fún wọn.

Ibi tí ẹgbẹ́ ilé ìkàwé ti wúlò nìyí. Bí àwọn oníṣòwò ṣe ń dáwó jọ ra ẹrù tírélà kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìkàwé ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n á yan èèyàn díẹ̀ kí wọ́n lọ jókòó ti ọlọ́jà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń ná kì í ṣe ìwé rárá, àyè àtiwọlé kà ni. Ó jọ ilé tí a háyà: ọjọ́ tí owó ilé bá tán, onílé á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kì í báà ṣe ọdún mẹ́wàá lẹ ti fi sanwó, ẹ ò tíì di onílé, àfi tí ìlà kan bá wà nínú àdéhùn pé àwọn jọ́nà ọdún tí ẹ ti sanwó rẹ̀ á ṣì máa ṣí fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Lójú tèmi, ìlà yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti gbàgbé nígbà tí gbogbo ojú bá wà lára ẹ̀dínwó.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà. Ṣé aráàlú tó kàn yà wọ ilé ìkàwé lè jókòó kà á? Ṣé a lè fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé mìíràn? Èló ni owó lè fi gorí lọ́dọọdún?

Àmọ́ ohun tó ń dẹ̀rù ba ọlọ́jà jù ni oníbàárà tó lè dìde kúrò ní ìsọ̀. Kó tó di 2019, Yunifásítì California, tó ní ọgbà mẹ́wàá, ń san nǹkan bí mílíọ̀nù 11 dọ́là fún Elsevier lọ́dún. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí àdéhùn kan ṣoṣo bo owó kíkà àti owó títẹ̀, kí àpilẹ̀kọ àwọn olùkọ́ wọn sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Jeffrey MacKie-Mason, tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé ọgbà Berkeley nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣáájú ikọ̀ tó ń nájà fún wọn. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2019, wọ́n dìde. Ní oṣù Keje, Elsevier ti ilẹ̀kùn àpilẹ̀kọ tuntun mọ́ wọn. Wọ́n ń yá lọ́wọ́ ilé ìkàwé mìíràn, wọ́n ń kọ̀wé sí ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ pé kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́, iṣẹ́ ìwádìí kò sì dúró. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2021 ni Elsevier fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń bèèrè, títí dórí jọ́nà Cell àti The Lancet, fún ọdún mẹ́rin.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó ń ti Yunifásítì California jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti Amẹ́ríkà lápapọ̀. Ọlọ́jà náà nílò wọn. Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè tọ́wọ́ wọn kò gùn, àjọ EIFL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, tó sì ní ọ́fíìsì ní Vilnius lórílẹ̀-èdè Lithuania, ló ń bá ẹgbẹ́ ilé ìkàwé ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti ìlà-oòrùn Yúróòpù nájà. Ẹgbẹ́ ti Gánà ń jẹ́ CARLIGH. Ọ̀tọ̀ ni ti Hinari, ètò jọ́nà fún irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2002. Ọrẹ nìyẹn, a kì í sì í ná ọrẹ: ẹni tó fún ni ló mọ ìgbà tí yóò gbà á padà.

Ẹni tó ń nájà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Láti 2003 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní COUNTER ti wà, tí àwọn atẹ̀wé fi ń ka iye ìgbà tí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ṣí jọ́nà wọn. Ìṣirò yẹn ni ikọ̀ tó ń nájà máa ń kó lọ́wọ́ wọlé, láti fi mọ èyí tó yẹ kí wọ́n jà fún àti èyí tí wọ́n lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìkàwé yín ti sanwó fún jọ́nà, tí ẹ ṣì ń gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ojú ọ̀nà ilé ìkàwé wọlé. Èyí tí ẹ gbà lórí WhatsApp kò sí nínú ìṣirò.