Ṣé O Mọ̀? Támọ́dì Tí Iná Kò Rí Jó

Ṣé o mọ̀ pé nínú gbogbo Támọ́dì Bábílónì, ìwé òfin àti àríyànjiyàn àwọn rábì, tí àwọn Júù fi ọwọ́ kọ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, ẹyọ kan péré ló kù láyé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán? Kò sí ní Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ilẹ̀ Ìráàkì tó jẹ́ Bábílónì àtijọ́. Ìlú Munich ní Jámánì ló wà, nínú ilé ìkàwé ìjọba Bavaria. Cod. hebr. 95 ni wọ́n kọ sí i lára.

Ọdún 1342 ni ẹni tó ń dà á kọ parí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Solomon ben Samson lorúkọ rẹ̀, orí awọ ẹran ló sì kọ ọ́ sí. Mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ rẹ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kí o ka ìlà tó wà lójú ewé kan. Bóyá ni yóò fi ju ọgbọ̀n lọ. Ti Solomon tó nǹkan bí 80! Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ Míṣínà, èyí tí í ṣe òfin gan-an, ó sì wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ Gẹ̀márà, ìyẹn àríyànjiyàn àwọn rábì lórí òfin náà, yí i ká. Bó ṣe rí ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó sínú ewé tí kò pé 600 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ adàwékọ mìíràn kì í dán irú rẹ̀ wò. Apá kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń dà kọ, wọn a gba owó wọn, wọn a sì lọ sinmi.

Ẹnu ni gbogbo ẹ̀kọ́ inú Támọ́dì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ọ, tí ó ń há a sórí, títí di nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi tí Rábì Judah tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Aládé fi kó Míṣínà jọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé Bábílónì, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Sura àti Pumbedita, wá fi bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún jiyàn lé e lórí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í pa èrò ẹni tí wọ́n borí rẹ́. Rábì tó pàdánù àríyànjiyàn náà wà nínú ìwé, tòun ti orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó fi sọ ohun tó sọ.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí fáwẹ̀lì nínú Támọ́dì, kò sì sí àmì ìbéèrè? Hébérù àti Árámáíkì ni èdè rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì nìkan ló sì wà lójú ewé. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ibi tí ìbéèrè kan parí sí àti ibi tí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í dá nìkan kà á. Ẹni méjì ni wọ́n máa ń jókòó tì í, tí ohùn wọn yóò máa lọ sókè.

Nísinsìnyí, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan ló kù? Iná ni. Nicholas Donin, Júù tó ti di Kristẹni, fẹ̀sùn kan Támọ́dì pé ó ń sọ̀rọ̀ òdì sí Jésù àti Màríà. Ní 1240, wọ́n gbé ìwé lọ sílé ẹjọ́ ní Paris bí ẹni gbé ọ̀daràn, Rábì Yechiel sì dìde láti gbèjà rẹ̀. Ẹjọ́ tí a ti dá kí á tó jókòó gbọ́ ọ ni. Ní 1242, lábẹ́ Ọba Louis Kẹsàn-án, wọ́n kó ìwé àfọwọ́kọ jọ tó kún kẹ̀kẹ́ ẹrù 24, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ìwé tó gba ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ oṣù láti kọ! Ní 1306, ọba mìíràn tún lé àwọn Júù kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Ilẹ̀ Faransé yìí kan náà, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn iná Paris, ni Solomon ti jókòó tó kọ tirẹ̀ parí.

Iná Róòmù tún tẹ̀ lé e ní 1553, ní gbàgede Campo de' Fiori, lọ́jọ́ ọdún tuntun àwọn Júù. Ìwé tí a ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ló pọ̀ jù nínú eléyìí. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí wọ́n tún un tẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ṣọ́ọ̀ṣì ti fi kálámù pa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ́. Ìwé Munich kò bá wọn rìn, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ níbòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ta ló wá pa á mọ́? Ìdílé Júù kan ní Pfersee, lẹ́bàá Augsburg, ló ni ín fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ní Polling! Nígbà tí ìjọba Bavaria gba ohun ìní irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà fi dé Munich. Níbẹ̀ ni Raphael Rabbinovicz, ọ̀mọ̀wé láti Lithuania, ti bá a. Láti 1867 ni ó ti ń tẹ ìwé jáde, tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwé Munich wé ti ìwé títẹ̀, gbólóhùn sí gbólóhùn, ìdìpọ̀ lé ìdìpọ̀, títí ó fi kú ní 1888. Abraham Merzbacher, oníbáǹkì kan ní Munich, ló ń náwó sí i. Lónìí, fóònù rẹ lásán tó láti ṣí gbogbo ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀.

 

Ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ mìíràn tí iná kò jó pàápàá kò bọ́. Ní Ítálì, awọ tí wọ́n kọ Támọ́dì sí lágbára, kò sì wọ́n, àwọn tó ń di ìwé bá gé e, wọ́n fi ṣe èèpo ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba àti ti àwọn nótárì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ewé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tú yọ láti ara ìwé owó orí àti ìwé ilẹ̀.

Ṣé o sì mọ̀ pé Támọ́dì kejì wà? Ti Jerúsálẹ́mù ni, ó kúrú ju ti Bábílónì lọ, ẹyọ ìwé àfọwọ́kọ kan péré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán ló sì gbé e dé ọwọ́ wa, èyí tó wà ní Leiden, ní Netherlands. Jehiel ben Jekuthiel ló kọ ọ́ ní Róòmù ní 1289. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó jókòó kọ àròyé sí ìparí rẹ̀: ìwé tí òun ń wò kọ kún fún àṣìṣe, òun ti tún èyí tí òun lè tún ṣe, kí òǹkàwé má ṣe dá òun lẹ́bi. Ìwé Jehiel yìí ni Daniel Bomberg, Kristẹni láti Antwerp, mú lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Venice nígbà tó fẹ́ tẹ Támọ́dì Jerúsálẹ́mù fún ìgbà àkọ́kọ́.