Efinrin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ó ń ṣe wá ní kàyéfì pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń fi owó ra efinrin lọ́jà, nígbà tí koríko lásán gba ẹ̀yìnkùlé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni efinrin kò ní wàhálà. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó gbó díẹ̀, tí a gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin irúgbìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ rì í wọlẹ̀ jìn, nítorí ó kéré púpọ̀. Kí ó fọ́n ọn sójú ilẹ̀, kí ó sì rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí a máa já òdòdó rẹ̀, kí ewé má baà dínkù.

Àwọn ìyá wa mọ ìwúlò rẹ̀ nínú ọbẹ̀ àti nínú àgbo inú rírun. Thymol tí ó wà nínú òróró efinrin ńlá ni àwọn apoògùn ń fi sínú omi tí a fi ń fọ ẹnu, nítorí pé ó ń pa kòkòrò.

Ṣùgbọ́n a kò ní bá àwọn tí ń fi ewé yangàn dé ibi gbogbo. Bí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ tí ń gbẹ ni ó ń pa á, efinrin kò sì lè dá omi náà padà. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà, bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ni láti pò ó, ni kí a fún un, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ojú rẹ̀ tó jìn sínú. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ọgbà ilé-ìwé, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní méjèèjì pọ̀.