Ẹgbẹ́ VAD: Bí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Kọ́ Ará Ilé ní Ìtọ́jú Aláìsàn Nígbà Ogun

Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, iye dókítà àti nọ́ọ̀sì tí orílẹ̀-èdè ní kì í lè pọ̀ sí i lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni iye àwọn tó fara gbọgbẹ́ máa ń di ìlọ́po-ìlọ́po láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àlàfo yìí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti dí láti ọdún 1909 títí di òpin Ogun Àgbáyé Kejì ní 1945, nípa kíkọ́ àwọn ará ilé ní ẹ̀kọ́ méjì. Èkínní ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí a ń ṣe fún ẹni tó fara pa kí dókítà tó dé. Èkejì ni ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé, ìyẹn bí a ṣe ń ṣe olùtọ́jú fún ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ìtàn ètò náà fi hàn pé ìmọ̀ díẹ̀ lè gba ẹ̀mí là, bí a bá ti kọ́ ọ kí ogun tó dé, tí ẹni tó kọ́ ọ sì mọ ibi tí ìmọ̀ òun pin sí.

Ẹ̀kọ́ náà ti fìdí múlẹ̀ kí ìjọba tó gbà á mọ́ra. Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Esmarch, oníṣẹ́ abẹ tó ti tọ́jú ọmọ ogun, sọ aṣọ onígun mẹ́ta di gbajúmọ̀ fún dídi ọgbẹ́, ó sì mú kí wọ́n tẹ àwòrán bí a ṣe ń dì í sára aṣọ náà, kí ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ lè wò ó kó sì ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ St John, ẹgbẹ́ aláàánú kan, dá àjọ tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1877, nígbà tó sì di 1878, Peter Shepherd, dókítà ọmọ ogun, àti ọ̀gágun Francis Duncan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú ní Woolwich. Shepherd kò rí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, nítorí pé ó kú ní Isandlwana ní oṣù Kìíní 1879, nínú ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Zulu jà, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ ni wọ́n fi ń kọ́ni lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jà ní gúúsù Áfíríkà láàárín 1899 sí 1902 ló là wọ́n lójú sí àìtó ètò ìlera ọmọ ogun wọn, nítorí pé àrùn, pàápàá ibà jẹ̀funjẹ̀fun, pa ọmọ ogun ju ọta ìbọn lọ. Nítorí náà, ní oṣù Kẹjọ 1909, Iléeṣẹ́ Ogun gbé ètò kan jáde tí wọ́n fi ń kó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, tí wọ́n wá mọ̀ sí VAD (Voluntary Aid Detachment). Ẹgbẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá kan, dókítà kan, alábòójútó ẹrù kan, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó kọ́ṣẹ́ mọ́ṣẹ́, àti obìnrin 20, tí mẹ́rin nínú wọn gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ sè dáadáa. Àjọ Àgbélébùú Pupa ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ St John ló ń bójú tó wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn ẹgbẹ́ náà ti ju 2,500 lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tó nǹkan bí 74,000, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ obìnrin. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ọdún márùn-ún tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní àkókò àlàáfíà ni agbára ètò náà wà.

Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tẹ iṣan kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lè dúró, bí a ṣe ń fi igi pẹlẹbẹ de egungun tó dá kí a tó gbé ẹni náà kúrò lójú kan, àti bí a ṣe ń gbé aláìsàn láìjẹ́ kí ìpalára rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí omi gbé ni wọ́n ń da ojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn léraléra kí èémí lè padà, ọ̀nà kan tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi èyí tó sàn jù rọ́pò láti ìgbà náà. Ìdánwò ló ń parí ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó bá sì yege ló ń gba ìwé ẹ̀rí.

Ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé kò ní ariwo bíi ti ọgbẹ́ ogun, síbẹ̀ òun ló gba sùúrù jù lọ. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀, bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kí òtútù mú un, àti bí a ṣe ń yí i padà kí egbò ìdùbúlẹ̀, ìyẹn egbò tí ń yọ níbi tí ara ti ń tẹ ibùsùn pẹ́, má baà yọ sí i lára. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi tẹ̀mómítà wọn ooru ara, bí a ṣe ń ka ìlù iṣan ọwọ́, àti bí a ṣe ń kọ méjèèjì sílẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ yìí ni dókítà yóò kà nígbà tó bá dé. Wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń ya ẹni tó ní àrùn àkóràn sọ́tọ̀, àti bí a ṣe ń se aṣọ àti àwo rẹ̀ nínú omi híhó. Ìwúlò ẹ̀kọ́ yìí hàn gbangba nígbà àjàkálẹ̀ àrùn gágá ní 1918 sí 1919, èyí tó wọ Èkó pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án 1918, nítorí pé kò sí oògùn kankan nígbà náà tó lè pa àrùn náà, ìtọ́jú dáadáa lórí ibùsùn sì ni ohun tó kù tí ènìyàn lè ṣe.

Ní oṣù Kẹwàá 1914, Katharine Furse, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú VAD, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sí Boulogne ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílé ń sọ gbọ̀ngàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àwọn olówó di ilé ìwòsàn kéékèèké fún àwọn tó ń kọ́fẹ padà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 23. Gbígbálẹ̀, fífọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, bíbọ́ aláìsàn àti fífọ ọgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ọlá, kò fi ọwọ́ kàn rí. Vera Brittain, tó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Oxford sílẹ̀ ní 1915 tó sì ṣiṣẹ́ VAD ní Lọ́ńdọ̀nù, Malta àti ilẹ̀ Faransé, kọ ìrírí rẹ̀ sínú ìwé Testament of Youth ní 1933.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà lọ ní ìrọ̀rùn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù pé gbogbo ènìyàn yóò máa ka ẹni tó gbọ́ àsọyé díẹ̀ sí nọ́ọ̀sì bíi tiwọn, ìbẹ̀rù náà sì nídìí, nítorí pé àmì àgbélébùú pupa tó wà láyà aṣọ ọ̀pọ̀ VAD mú kí aláìsàn máa pe gbogbo wọn ní nọ́ọ̀sì. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjà fún òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì túbọ̀ le, tí Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi fọwọ́ sí i ní 1919. Láti ìgbà náà, ààlà láàárín olùrànlọ́wọ́ àti nọ́ọ̀sì di ohun tí òfin mọ̀, ààlà náà sì ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ogun wọ inú ilé. Láti oṣù Kẹsàn-án 1940 sí oṣù Karùn-ún 1941, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn ibùdó ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà ní àdúgbò, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń di ọgbẹ́ kéékèèké, kí ilé ìwòsàn lè ráyè fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le. Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ni Adenrele Ademola, ọmọ Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ọba Ladapo Ademola, ti ń ṣiṣẹ́. Òun kì í ṣe VAD. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Guy's, ó sì di nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1941. Ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ṣe fíìmù kan nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Àjọ tó ń bójú tó ètò náà dé Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹ̀ka àjọ Àgbélébùú Pupa ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní 1917, ó sì di àjọ orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1960. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ogun abẹ́lé dé, ní 1969 sì ni ìjọba àpapọ̀ gba àkóso ètò ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ Àgbélébùú Pupa àgbáyé, tí wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lé àjọ ilẹ̀ wa lọ́wọ́.

Àlàfo tí wọ́n rí ní 1909 kò tíì dí. Lójú títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti forí sọra, nínú ọjà tí iná ti ń jó, àti nínú yàrá ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúró sórí ẹní, ẹni tó sún mọ́ jù lọ ni ìtọ́jú ń bọ́ sí lọ́wọ́, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́, ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ awakọ̀ sọ ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí di ara iṣẹ́ wọn nísinsìnyí, kí wọ́n sì máa kọ́ ènìyàn ní ohun tó yẹ ní ṣíṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ dánwò, nítorí pé bí ìjàǹbá bá ti dé, kò sẹ́ni tí yóò tún ráyè kọ́ ọ.