Èéfín Kì í Ṣe Iná: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Èjìká Ẹlẹ́dẹ̀ Nílé

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún ohun tí iná ń ṣe sí oúnjẹ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní ààyè tirẹ̀. Iṣu ni a ń sè, iṣu náà ni a sì ń sun; ẹ̀pà ni a ń yan, àkàrà ni a ń dín. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ẹja, "yan" a máa ru ẹrù méjì pọ̀: ooru tí ń mú ẹja jinná, àti èéfín tí ń pa á láwọ̀ dà tí ó sì ń fún un ní òórùn dídùn. Ẹrù méjèèjì a máa rìn pọ̀ nítorí pé ẹja kò nípọn; kí awọ rẹ̀ tó pọ́n, inú rẹ̀ ti jinná. Ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ yìí lọ sídìí èjìká ẹlẹ́dẹ̀ tí ó tó kílò méjì, tí a ti yọ egungun rẹ̀, yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Òde ẹran náà lè dúdú bí ìdí ìkòkò, kí inú rẹ̀ má sì tíì gbóná.

Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Taenia solium. Inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti jẹ ìgbẹ́ ènìyàn tí ó ní aràn ni ọmọ rẹ̀ máa ń sápamọ́ sí. Ẹni tí ó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ láìjinná, inú ìfun rẹ̀ ni aràn náà yóò ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ kò sì parí sọ́dọ̀ rẹ̀: ẹyin aràn a máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, bí kò bá sì fọ ọwọ́ dáadáa, ẹyin náà lè bá oúnjẹ tàbí omi wọ ẹnu ọmọdé tí kò fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu rí, kí ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ dó sí ọpọlọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka aràn yìí mọ́ olórí ohun tí ń fa wárápá ní àwọn ilẹ̀ tí ó ti wọ́pọ̀. Àwọn ará ilé lè máa pe àìsàn ọmọ náà ní àfiṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹran tí kò jinná ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Oore ibẹ̀ ni pé ohun tí ń pa aràn náà ni ó ń mú ẹran náà dùn. Èjìká ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń ru ara rẹ̀ kiri, nítorí náà iṣan funfun tí ó so ẹran ibẹ̀ pọ̀ kì í rọ̀ kíákíá. Bí iná bá pọ̀ jù, òde a jó, inú a sì le. Ooru díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ni ó ń yọ́ iṣan náà di irú ohun tí ó máa ń dì lórí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù tí ó bá tutù. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina àti ní ìlú Memphis, ní gúúsù Amẹ́ríkà, àṣà tí a mọ̀ mọ́ wọn ni èyí. Láyé ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó sábà máa ń ṣọ́ iná náà mọ́jú. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí àárín odindi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbóná dé 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èjìká kì í rọ̀ títí yóò fi dé 90 sí 95. Ẹni tí ó bá ní sùúrù títí ẹran fi rọ̀ ti kọjá ibi ewu tipẹ́.

Ẹran tí dókítà ẹran ọ̀sìn ti yẹ̀ wò ni kí a rà. Ibi tí a ti yọ egungun a máa là sílẹ̀ bí àpò, ọ̀bẹ tí ó wọ ibẹ̀ sì lè ti gbé kòkòrò àrùn òde wọ inú. Kí a ṣí àpò náà, kí a fi iyọ̀ pa á tinú tòde. Gíráàmù 30 sí 40 tó fún kílò méjì. Ata gígún, atalẹ̀ àti áyù lè tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kí a ká ẹran náà, kí a sì fi okùn òwú dì í lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó lè nípọn bákan náà. Okùn ọ̀rá yóò yọ́. Bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, ẹran náà lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Bí iná mànàmáná kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, kí a yan án lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iyọ̀ tí ó mọ níwọ̀n yìí kò lè gbà á lọ́wọ́ ìbàjẹ́.

Ìta gbangba ni ibi iṣẹ́. Èédú tí ń jó nínú yàrá a máa tú gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Nínú àgbá irin tí ó ní ìdérí, tí kò gbé kẹ́míkà rí, kí a kó èédú sí apá kan, kí a sì gbé ẹran sórí àwọ̀n irin ní apá kejì. Kí abọ́ omi wà lábẹ́ ẹran láti gba ọ̀rá, nítorí ọ̀rá tí ó bá kán sínú iná a máa rú èéfín tí ó ní èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ. Ègé igi gúáfà, máńgòrò tàbí kajú kan tàbí méjì tí ó gbẹ dáadáa tó fún èéfín. Pákó tí a kùn ní ọ̀dà, epo òyìnbó àti táyà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Èéfín tí ó dára a máa fẹ́lẹ́. Èyí tí ó bá ki a máa mú ẹran korò.

Bí ìgbóná inú àgbá bá wà láàárín 105 sí 120, kílò méjì yóò gbà tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Láàárín ìgbà náà, ìgbóná inú ẹran yóò dúró sójú kan, ní nǹkan bí 65 sí 75, bí ẹni pé iná ti kú. Òógùn ni ẹran ń là: omi tí ń gbẹ lára rẹ̀ ń tù ú bí òógùn ti ń tu àgbẹ̀ lára. Ibẹ̀ ni aláìnísùúrù ti máa ń da èédú kún iná. Ohun tí ó yẹ ni kí a fi fóìlì wé ẹran náà, kí a sì dúró dè é. Òṣùwọ̀n ooru tí a gún dé àárín ẹran ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbà gbọ́. Àwọ̀ a máa tan ni jẹ: èéfín lè mú kí etí ẹran pọ́n bí ó tilẹ̀ ti jinná. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó ki fọ́ọ̀kì bọ àárín rẹ̀, kí ó yí i; bí kò bá já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìjà, kò tíì tó. Bí ó bá tó, kí ó sinmi fún ààbọ̀ wákàtí kí a tó fà á ya.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹran yìí ní ẹran gbígbẹ. Ẹran tí ọdẹ ń fi sórí iná fún ọjọ́ púpọ̀ ti pàdánù omi ara rẹ̀. Omi ṣì pọ̀ nínú eléyìí, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ ààrò. Kí ó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka ẹran tí a fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú mọ́ ohun tí ń fa àrùn náà. Oúnjẹ ọjọ́ ọdún ni, kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láàyè lè ṣe èjìká àgùntàn bákan náà. Iyọ̀ a máa wọ inú ẹran, èéfín a máa pa òde rẹ̀ láró, ooru ni ó sì ń mú un jinná. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi; ẹ̀sọ̀ náà ni ooru fi ń dé àárín èjìká.