Owó dìbò-kó-o-sebẹ̀: àwọn ọlọ́jà ló forí fá a

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni kò ní í gbàgbé oṣù kejì, ọdún 2023 bọ̀rọ̀. Tòmátì ń bàjẹ́ lọ lórí àtẹ, oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sówó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ẹ́ rà á. Bó bá fowó ránṣẹ́ látorí fóònù, owó á kúrò ní báńkì tiẹ̀, kò sì ní í tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà. Àwọn oní-POS ní tiwọn, láwọn ibì kan, N200 ni wọ́n ń gbà lórí N1,000, kí wọ́n tó kówó oníkálukú fún un.

Ọ̀rọ̀ ìbò wà nídìí ẹ̀. Ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kéde pé àwọn fẹ́ẹ́ pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000. Wọ́n kọ́kọ́ fi gbèdéke sí ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2023, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10, oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 25 oṣù náà ni ìbò ààrẹ. Lára àlàyé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe ni pé ètò ọ̀hún yóò dín agbára owó kù nínú òṣèlú.

Kì í ṣe pé àrùn tí wọ́n fẹ́ẹ́ wò kò sí. Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018 ni 'dìbò kó o sebẹ̀' gba ẹnu gbogbo ayé. Olóṣèlú mọ̀ pé títì tóun bá ṣe lè má parí kí sáà òun tó tán, kẹ́lòmíì sì wá já tẹ́ẹ̀pù rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó bá pín láàárọ̀ ìbò, ìrọ̀lẹ́ ló ń rérè rẹ̀. Olùdìbò náà ní ìṣirò tiẹ̀: ìlérí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò ṣẹ, ìbò kan ṣoṣo tòun kò sì lè yí nǹkan padà, kí ló dé tóun ò ní í gba èyí tó wà nílẹ̀? Nígbà ìbò ọdún 2023, àtẹni tó rà á àtẹni tó tà á ni òfin ìbò ọdún 2022 fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn N500,000 dúró dè.

Nígbà tówó wọ́n, ṣé ọjà ìbò wá dáwọ́ dúró? Rárá o. Lọ́jọ́ ìbò gómìnà, ọjọ́ 18, oṣù kẹta, àjọ EFCC ṣì mú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ríra ìbò kàn. Kó tó dìgbà náà, lọ́jọ́ kẹta oṣù ọ̀hún, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún fi máa parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú gbèdéke ọ̀hún kúrò pátápátá. Owó tuntun àti ti àtijọ́ ni wọ́n jọ ń ná lọ́jà báyìí, ẹni tí tòmátì rẹ̀ bàjẹ́ kò sì rẹ́ni san kọ́bọ̀ fún un.