IṢẸ́ KÁNSÙ ÀTI IṢẸ́ WA NÍ MINNA

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn: bí gọ́tà àdúgbò wa bá dí, ta ni kí á ké sí?

Ọ̀pọ̀ wa a máa dáhùn pé "ìjọba." Ṣùgbọ́n ìjọba pín sí mẹ́ta. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kíkó pàǹtírí, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, iná ojú pópó, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, títí kan ilé ìtọ́jú àwọn aláìní. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 25 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Niger, Chanchaga ni ó ni ọ̀pọ̀ ìgboro Minna. Bosso, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Maikunkele, ni ó tẹ̀ lé e.

Owó ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó kánsù ń gba inú àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí á máa san án tààrà fún kánsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í gbẹ́ gọ́tà. Ará ìlú ni yóò béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe.

Ní ti ìrànwọ́ fún ìdílé, ìjọba àpapọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ owó ₦5,000 lóṣooṣù ní ọdún 2016, ìpínlẹ̀ Niger sì wà lára mẹ́sàn-án tí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ìpàdé àdúgbò ni a ti máa ń dárúkọ àwọn tí ó ṣe aláìní jùlọ. Bí àwa Yorùbá bá ń sọ pé àlejò ni wá, tí a kò dé ìpàdé Mai Unguwa, ta ni yóò dárúkọ opó tí ń bẹ láàrin wa? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ti pàǹtírí, ọ̀rá omi tí a mu tán ni ó ń dí gọ́tà jù. Ẹ jẹ́ kí á máa kó ọ̀rá, ike àti agolo sínú àpò ọ̀tọ̀, nítorí àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ń rà wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ tí yóò tún wọn rọ. Omíyalé Mokwa, ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, pa ènìyàn tí ó ju 150 lọ ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Kì í ṣe pàǹtírí nìkan ni ó ń fa omíyalé, ṣùgbọ́n omi tí kò rí ọ̀nà lọ, inú ilé ni yóò yà sí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí á dárúkọ òpópónà àti gọ́tà tí ó bàjẹ́, kí á sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ; ìwé a máa dúró.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú Minna tù wá lára. Àmín.