Lẹ́ńsì Àtijọ́ Lára Kámẹ́rà Òde-Òní, àti Ìlò Rẹ̀ fún Àwọn Ère Òkúta Ẹ̀sìẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mu púpọ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ń ṣe lóde òní ní ọgbọ́n nínú, ó sì ń ríran nínú òkùnkùn ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì rẹ̀, èyí tí í ṣe ojú tí ó fi ń wòran, a máa wọ́n gógó, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú àpótí àwọn ayàwòrán àgbà. Ojú wọn mọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n ti ń bá ṣiṣẹ́ ti di aláìwúlò. Bí ọmọdé àti àgbà wọ̀nyí bá pàdé, iṣẹ́ tí èyíkéyìí nínú wọn kò lè dá ṣe yóò di ṣíṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan ilẹ̀ Ìgbómìnà gbọ̀ngbọ̀n ni Ẹ̀sìẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àràn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Níbẹ̀ ni àwọn ère òkúta gbé wà, tí iye wọn ju 1,000 lọ, tí wọ́n fi òkúta rírọ̀ gbẹ́. Ọkùnrin ń bẹ nínú wọn, obìnrin sì ń bẹ. Òmíràn jókòó, òmíràn kúnlẹ̀, àwọn kan sì di ohun ìjà tàbí ohun èlò orin mú lọ́wọ́. Bí wọ́n ti di irun wọn àti bí wọ́n ti kọ ilà sí wọn lójú yàtọ̀ láti orí ère kan sí èkejì. Ìtàn ẹnu àwọn ará ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, tí wọ́n sì ti di òkúta. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramsay, ẹni tí ó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, jẹ́ kí ìjọba mọ̀ nípa wọn. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, ṣiṣẹ́ lórí wọn ní àwọn ọdún 1960, ìwé tí ó kọ nípa wọn sì jáde ní ọdún 1978.

Àwòrán àwọn ère yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ní ọdún 2000, nígbà tí àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, tí í ṣe ICOM, tẹ ìwé kan jáde láti fi kìlọ̀ nípa àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń fojú sí jù lọ, àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti Nok àti ti Ifẹ̀. Bí wọ́n bá gé orí ère kan tí wọ́n sì gbé e dé ọjà òkèèrè, kí ni ẹni tí ó ni ín yóò fi jẹ́rìí pé tòun ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Àwòrán tí ó fi ilà, irun àti ojú ibi tí ère náà ti sán hàn kedere ni yóò jẹ́rìí. Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Object ID, tí ó jáde ní ọdún 1997 fún kíkọ àkọsílẹ̀ ohun iyebíye, fi ka àwòrán sí ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ mọ bí òun ti lè rí irinṣẹ́ tí ó péye lówó pọ́ọ́kú, kí ó sì mọ ibi tí agbára irinṣẹ́ náà mọ.

Láti mọ bí lẹ́ńsì àtijọ́ ti ń bá kámẹ́rà tuntun rẹ́, ó yẹ láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ikùn kámẹ́rà ayé fíìmù. Nínú èyí tí ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn oníṣẹ́ àwòrán, jígí kan dábùú sẹ́yìn lẹ́ńsì. Jígí yìí ni ó ń gbé àwòrán lọ sókè sí ojú ẹni tí ó di kámẹ́rà mú. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì, jígí náà yóò fò sókè, ìmọ́lẹ̀ yóò sì kọjá lọ bá fíìmù. Kí jígí tó lè rí àyè fò, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù. Nínú kámẹ́rà Nikon ìgbà náà, mílímítà 46.5 ni ó wà láàrin ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ti wọ kámẹ́rà àti fíìmù. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní M42, tí lẹ́ńsì wọn ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, ó jẹ́ mílímítà 45.46, nínú Canon FD, ó jẹ́ mílímítà 42.

Kámẹ́rà òde-òní tí kò ní jígí kò nílò àyè yìí. Sẹ́ńsọ̀ tí ó gba ipò fíìmù ni ó ń rí àwòrán fúnra rẹ̀, tí ó sì ń fi í hàn lójú kámẹ́rà. Nítorí náà àyè náà ti kúrú: mílímítà 18 ni ti Sony E, 20 ni ti Canon RF, 16 sì ni ti Nikon Z. Òrùka ìsopọ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní adapter, ni ó ń dí àlàfo tí ó ṣẹ́ kù. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ sára Sony, yóò yọ 18 kúrò nínú 46.5, òrùka tí ó gùn ní mílímítà 28.5 ni ó nílò. Kò sí dígí kankan nínú òrùka náà. Ihò òfìfo ni. Nítorí náà kò lè ba àwòrán jẹ́ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa.

Ìṣirò yìí náà ni ó jí àwọn lẹ́ńsì Canon FD dìde. Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Canon yí ẹnu kámẹ́rà rẹ̀ padà, àyè tuntun náà sì jẹ́ mílímítà 44. Lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún 42 kò lè sún mọ́ fíìmù tó mọ́ lára kámẹ́rà tuntun náà, nítorí òrùka kò lè gùn ní ohun tí ó dín sí òfo. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì rere bẹ́ẹ̀ di ọmọ òrukàn, títí kámẹ́rà aláìní-jígí fi dé.

Ìgbà tí ó dé kò tíì pẹ́. Lumix G1 ti ilé-iṣẹ́ Panasonic jáde ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré. Ojú fíìmù àtijọ́ jẹ́ mílímítà 36 ní ìbú àti 24 ní gíga. Ìdajì ìbú yìí ni sẹ́ńsọ̀ G1 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni pé àárín àwòrán nìkan ni kámẹ́rà ń gbà, tí etí rẹ̀ sì ń ṣòfò. Lẹ́ńsì mílímítà 24, tí ó jẹ́ olójú gbòòrò lára kámẹ́rà fíìmù, yóò wá máa ríran bí mílímítà 48, èyí tí kì í ṣe olójú gbòòrò mọ́. Lára sẹ́ńsọ̀ àwọn Sony NEX tí ó jáde ní ọdún 2010, yóò rí bí mílímítà 36. Sony A7 tí ó jáde ní ọdún 2013 ni ó mú sẹ́ńsọ̀ tí ó tó fíìmù ní kíkún wọ inú irú kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí lẹ́ńsì olójú gbòòrò ríran bí wọ́n ti dá a, sẹ́ńsọ̀ kíkún ni kí ó wá.

Gbogbo lẹ́ńsì olójú gbòòrò àtijọ́ kò sì dọ́gba. Oríṣi méjì ni wọ́n. Èkíní ni èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà oníjígí. Lẹ́ńsì mílímítà 24 kì bá fẹ́ dúró ní nǹkan bí mílímítà 24 sí fíìmù, ṣùgbọ́n jígí kò ní gbà fún un. Ní ọdún 1950 ni Pierre Angénieux, ará Faransé, mú lẹ́ńsì kan jáde tí ó pè ní Retrofocus, tí ó fi dígí tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sí iwájú, kí lẹ́ńsì lè jìnnà sẹ́yìn kí ó sì tún gba ibi tí ó fẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà tí kò ní jígí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí Biogon mílímítà 21 ti ilé-iṣẹ́ Zeiss tí ó jáde ní ọdún 1954. Ẹ̀yìn irú èyí wọlé jìnnà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fíìmù, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá etí fíìmù. Fíìmù gba èyí láìjanpata. Sẹ́ńsọ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí dígí tín-ín-rín kan bò ó lójú, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dágẹ̀ẹ́rẹ́ kọjá nínú dígí yìí a sì máa ṣìnà díẹ̀. Etí àwòrán yóò wá ṣú, kò ní mọ́, nígbà mìíràn yóò sì pọ́n. Nítorí náà, fún kámẹ́rà tuntun, oríṣi èkíní, tí ó tóbi tí ó sì wúwo, ni ó sábà ń ṣe dáadáa ju èkejì tí ó kéré tí ó sì wuni lọ.

Ohun tí ó kù tí ó gba ìṣọ́ra ni ìpéye òrùka. Bí òrùka tí ó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì mílímítà 24 bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà gùn jù, ohunkóhun tí ó bá jìnnà ju nǹkan bí mítà 6 lọ kò ní mọ́ kedere mọ́ láé. Bí ó bá fi iye kan náà kúrú, ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn yóò mọ́ nígbà tí lẹ́ńsì ń tọ́ka sí mítà 6. Àṣìṣe kan náà lẹ́yìn lẹ́ńsì mílímítà 50 yóò fi ààlà sí mítà 25. Èyí fi hàn pé bí ojú lẹ́ńsì bá ti ń fẹ̀ sí i ni àṣìṣe kékeré ń ṣe ìpalára ńlá. Àwọn tí ń ṣe òrùka olówó pọ́ọ́kú a máa mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú díẹ̀ kí ọ̀nà jíjìn má baà sọnù. Èyí ṣeé fara dà, bí ayàwòrán bá ti mọ̀ pé òun kò lè gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì.

Ní ti ìlò rẹ̀, òrùka òfìfo kò ń gbé iná mànàmáná kọjá. Kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì kankan wà níwájú òun. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ yí ètò rẹ̀ kí ó lè gbà láti ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni yóò fi yí lẹ́ńsì títí àwòrán yóò fi mọ́, ọwọ́ náà ni yóò sì fi ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ tàbí pa á dé. Kámẹ́rà òde-òní ń ràn án lọ́wọ́: ó lè mú apá kan àwòrán tóbi lójú rẹ̀, ó sì lè fi àwọ̀ yí etí ohun tí ó mọ́ ká. Níbi ọdún, tí kò sí àyè fún yíyí lẹ́ńsì kiri, ẹni tí òrùka rẹ̀ péye lè fi lẹ́ńsì mílímítà 24 sí f/8, kí ó fi ojú rẹ̀ sí mítà méjì àti ààbọ̀. Láti nǹkan bí mítà kan àti díẹ̀ títí dé ọ̀nà jíjìn ni yóò mọ́ tó fún ìlò ìwé.

Ní Ẹ̀sìẹ́ fúnra rẹ̀, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà láti yà. Èkíní ni àpapọ̀ àwọn ère bí wọ́n ti jókòó pọ̀. Níbi tí ènìyàn kò ti lè fi ẹ̀yìn rìn ju mítà mẹ́rin lọ, lẹ́ńsì mílímítà 50 kò lè gba ju nǹkan bí mítà mẹ́ta ní ìbú, ṣùgbọ́n ti 24 yóò gba mítà mẹ́fà. Ibí yìí ni olójú gbòòrò ti ń jèrè ara rẹ̀. Kí kámẹ́rà dúró gbọọrọ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí bí ó bá gbójú sókè, ògiri àti ère yóò dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Kí fèrèsé má sì ṣe wà níwájú rẹ̀, nítorí àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ kì í fara da ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọjú sí wọn.

Èkejì ni ère kọ̀ọ̀kan fún àkọsílẹ̀. Níhìn-ín ni lẹ́ńsì olójú gbòòrò ti ń purọ́. Kí orí ère tó kún ojú àwòrán, ayàwòrán yóò ní láti sún mọ́ ọn gidigidi. Bí imú bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí lẹ́ńsì, tí etí sì wà ní 40, imú yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bí ó ti yẹ kí ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bí ó bá jẹ́ láti mítà kan àti ààbọ̀ ni, ìyàtọ̀ náà kò ní tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fi irú àwòrán èkíní wá orí tí ó sọnù lè má dá a mọ̀ bí ó bá tilẹ̀ rí i. Lẹ́ńsì mílímítà 50 tàbí 85 àtijọ́, tí kò wọ́n, ni ó yẹ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, kí wọ́n sì yà á níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àti níbi tí ó ti sán.

Ẹni tí ó bá ń ra lẹ́ńsì àtijọ́ kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa mú kí dígí inú rẹ̀ bu, tí ohun funfun bí òwú aláǹtakùn yóò sì tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Irú èyí kì í ṣe ọjà rere. Kí ó wò ó bóyá ihò ìmọ́lẹ̀ ń ṣí, ó sì ń padé wéré, kí òróró má sì wà lára ewé irin rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ó tó gbé kámẹ́rà wọlé, kí ó sì mú ìwé àti kálàmù dání. Níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà kò mọ lẹ́ńsì tí ó wà lójú rẹ̀, kò lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwòrán. Ayàwòrán ni yóò kọ orúkọ lẹ́ńsì, ihò tí ó lò, ọjọ́, àti nọ́ńbà ère náà. Kí ẹ̀dà kan wà ní Ẹ̀sìẹ́, kí òmíràn sì wà níbòmíràn tí iná tàbí olè kò fi ní kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.